Àfọ́kù Ìgò Kozluk: Bí Jean-René Ruez Ṣe Tọ Ipasẹ̀ Àwọn Òkú Srebrenica

Ní ọdún 1998, lẹ́bàá ọ̀nà kan tó gba àfonífojì Čančari kọjá ní ìlà-oòrùn Bosnia, àwọn awalẹ̀pìtàn tó ń wú kòtò kan tó kún fún òkú ènìyàn rí ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Láàárín egungun àti aṣọ tó ti ń jẹrà ni wọ́n ti rí àfọ́kù ìgò aláwọ̀ ewé, kì í sì í ṣe ẹyọ kan tàbí méjì. Bébà àmì tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò wà pẹ̀lú wọn nínú ẹrẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ ìgò ní àfonífojì náà. Igbó, pápá àti àwókù ilé tí ogun ti lé àwọn onílé kúrò nínú rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ibòmíràn ni ìgò yìí ti wá, bí ìgò bá sì ti ibòmíràn wá, a jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kó àwọn òkú tó yí i ká wá.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ará Faransé kan ti ń wá àwọn òkú wọ̀nyí fún ọdún mẹ́ta kó tó di pé a rí ìgò náà. Jean-René Ruez ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló ti ń ṣe ní ìlú Nice, níbi tó ti ń tọpinpin àwọn apààyàn àti àwọn ọ̀daràn paraku, kó tó lọ sí The Hague ní ọdún 1995 láti bá ilé ẹjọ́ tí Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 fún àwọn ọ̀daràn ogun Yugoslavia àtijọ́ ṣiṣẹ́. Òun ló darí ìwádìí ọ̀ràn Srebrenica títí di ọdún 2001. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ló dé ilẹ̀ tí ogun ti jà náà. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún padà lọ, ọdún dé ọdún, sí ojú ọ̀nà kan náà àti sí abúlé kan náà. Ohun tó mú mi kọ àkọsílẹ̀ yìí ni ọ̀nà tó gbà ṣe iṣẹ́ náà. Ìpakúpa tí àwọn olóṣèlú gbogbo ayé ń jiyàn lé lórí ló mú, tó sì ṣe é bí ọlọ́pàá ṣe ń ṣe ọ̀ràn òkú kan ṣoṣo tí wọ́n bá lójú títì. Ta ló kú? Ibo ló kú sí? Ní ọjọ́ wo? Ta ló pa á? Ibo ni òkú rẹ̀ wà? Kò jẹ́ kí ìdáhùn ọ̀kan dúró fún ìdáhùn èkejì.

Srebrenica jẹ́ ìlú kékeré kan láàárín òkè, nítòsí odò Drina tó pín Bosnia àti Serbia níyà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1993, Ìgbìmọ̀ Ààbò kéde pé ibi ààbò ni, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ lù. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún 1995, ọmọ ogun àwọn Serb ti Bosnia, tó ń bá ìjọba Bosnia jagun, tí Ọ̀gágun Ratko Mladić sì jẹ́ olórí wọn, wọ ìlú náà. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Mùsùlùmí sá lọ sí Potočari, níbi tí àwọn ọmọ ogun Nẹ́dálándì tó ń ṣiṣẹ́ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pàgọ́ sí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ obìnrin, ọmọdé àti arúgbó. Wọ́n kó àwọn obìnrin àti ọmọdé sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n sì gbé wọn lọ sí ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ìjọba Bosnia. Wọ́n fa àwọn ọkùnrin yọ kúrò láàárín wọn. Àwọn ọkùnrin yòókù, tí wọ́n tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti gba inú igbó lọ lóru, wọ́n fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé Tuzla, ìlú tó wà lọ́wọ́ ìjọba Bosnia. Ní ọjọ́ 13, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni wọ́n mú lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ láti Bratunac sí Konjević Polje. Àwọn tó mú wọn lo ohun èlò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti fi tàn wọ́n jáde kúrò nínú igbó, wọ́n sì ṣèlérí fún wọn pé nǹkan kan kò ní ṣe wọ́n. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi pa èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo àwọn ọkùnrin tó wà lọ́wọ́ wọn. Iye àwọn tó kú lé ní 8,000.

Kí oṣù Keje náà tó parí ni Ruez ti wà ní Tuzla láàárín àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Ó ń wá àwọn tó yè bọ́ lábẹ́ òkú. Wọn kò pọ̀ rárá. Ìtàn tí wọ́n sọ fara jọra: wọ́n kó wọn sínú ilé ẹ̀kọ́ kan, gbọ̀ngàn eré ìdárayá kún débi pé èèmí ṣòro, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, wọ́n fi aṣọ di wọ́n lójú, wọ́n dè wọ́n lọ́wọ́, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ìrìn díẹ̀ ni ọkọ̀ rìn, wọ́n ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú pápá tí òkú ti kún, ìbọn dún. Ẹni tí ọta kò bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹni tí ọta bá, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ tó ń gbẹ́lẹ̀. Àmọ́ bí o bá béèrè pé abúlé wo ni, wọn kò lè sọ. Wọ́n kì í ṣe ará agbègbè Zvornik tí wọ́n kó wọn lọ, òru ni, wọ́n sì di wọ́n lójú. Àwọn méjì tó yè bọ́ níbi ìsédò kan sápamọ́ sórí òkè, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ wọ́n wo bí katakata ṣe ń kó òkú jọ nísàlẹ̀.

Níbi tí ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn ti máa rí ẹ̀rí tó pọ̀ tó láti kọ ìwé, ọlọ́pàá rí i pé òun kò tíì ní ẹjọ́. Àwọn aláṣẹ Serb ti Bosnia ní ojú ogun ni àwọn tó kú kú sí. A kò lè kàn fọwọ́ rọ́ àwíjàre yìí sẹ́yìn, nítorí pé òótọ́ ni pé àwọn kan nínú àwọn tó gba inú igbó lọ gbé ìbọn, wọ́n jagun, wọ́n sì kú sójú ìjà. Bí adájọ́ bá béèrè bí a ṣe mọ̀ pé a ṣe ìdájọ́ ikú fún ọkùnrin yìí láìgbẹ́jọ́, pé kì í ṣe ẹni tó kú nínú ìjà, omijé opó kò lè dáhùn ìbéèrè náà. Aṣọ ìdijú lè dáhùn rẹ̀. Okùn tí a fi de ọwọ́ sẹ́yìn lè dáhùn rẹ̀. Ohun tí Ruez nílò ni kó dé ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é títí di ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà Dayton ní oṣù Kejìlá ọdún 1995.

Ní ọdún 1996, ọ̀nà là. Ìwádìí náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìrántí àwọn tó yè bọ́ parí sí: wọ́n ń wá ilé ẹ̀kọ́. Ẹ fojú inú wo ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ abúlé kan bọ́ sí òmíràn, tó ń wo gbọ̀ngàn, tó ń wo ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojúurin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń fi ohun tó rí wé ohun tí ẹni tí wọ́n di lójú sọ. Ilé ẹ̀kọ́ Grbavci nítòsí Orahovac bá a mu. Wọ́n rí ọ̀já aṣọ níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n gé láti fi di ènìyàn lójú, ọ̀já náà sì bá ti ojú àwọn òkú inú pápá tí kò jìnnà sí ibẹ̀ mu. Ní Kravica, ilé ìkẹ́rùsí àwọn àgbẹ̀ kan ni wọ́n ti pa èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn ní ọjọ́ 13, oṣù Keje. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wọ ibẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996, ó ti lé ní ọdún kan, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀, ẹran ara àti eegun ènìyàn ṣì wà lára ògiri, ihò ọta sì kún gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ lọ́dún náà ti ẹnu apààyàn fúnra rẹ̀ wá. Dražen Erdemović, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti inú Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Aṣèbàjẹ́ Kẹwàá ti àwọn Serb, jẹ́wọ́ pé òun wà lára àwọn mélòó kan tó dúró ní oko Branjevo nítòsí Pilica ní ọjọ́ 16, oṣù Keje, tí wọ́n ń yìnbọn pa àwọn tí bọ́ọ̀sì ń kó wá láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ó ṣírò àwọn tó kú sí nǹkan bí 1,000 sí 1,200, ó sì ní ó ṣeé ṣe kí àwọn tí òun fúnra òun pa tó 70. Ó sọ pé bàbá kan wà láàárín wọn tó ti ran àwọn Serb lọ́wọ́ láti sá kúrò ní Srebrenica rí, òun gbìyànjú láti gbà á là, ọ̀gá òun kò gbà. Ó sọ pé wọ́n fi dandan mú àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì láti yìnbọn pa ó kéré tán ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà lè jẹ́rìí láìfi ara rẹ̀ hàn. Ó sì fi ohun kan kún un tí ẹnì kankan nínú àwọn tó yè bọ́ kò lè mọ̀: lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, wọ́n ní kí àwọn lọ pa àwọn mìíràn tó wà ní gbọ̀ngàn àṣà ìlú Pilica, òun kọ̀, òun jókòó sí ilé kọfí tó kọjú sí ibẹ̀, òun sì ń gbọ́ ìbọn àti àdó olóró tí àwọn mìíràn ń lò. Nígbà tí wọ́n yẹ gbọ̀ngàn náà wò, ẹ̀jẹ̀, irun àti ìyókù àdó olóró wà lára ògiri gẹ́gẹ́ bó ti sọ. Erdemović jẹ̀bi, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un kí wọ́n tó dín in kù sí márùn-ún ní ọdún 1998. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí ẹ̀wọ̀n tó kéré ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ, ó sì nira fún mi láti bá wọn jiyàn. Síbẹ̀, láìsí òun, a lè má mọ̀ pé wọ́n pa ẹnikẹ́ni ní gbọ̀ngàn Pilica.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀. Ní Cerska, wọ́n bá òkú ọkùnrin 150 nínú kòtò kan lábẹ́ etí ọ̀nà, ọwọ́ ọ̀pọ̀ wọn wà nínú wáyà; ìkarahun ọta fọ́n ká sójú ọ̀nà, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi bò wọ́n sì wá láti òdì kejì ọ̀nà kan náà. Kò sẹ́ni tó ti fọwọ́ kan ibẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin wọ́n. Ohun gbogbo bára mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Branjevo, níbi tí Erdemović ti ní àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan kú, òkú 132 péré ni wọ́n rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò pé: ẹsẹ̀ wà níbi tí orí kò sí, eyín ẹ̀rọ sì ti gé ara sí méjì. Ní Orahovac pẹ̀lú, ilẹ̀ fi hàn pé wọ́n ti tún kòtò náà gbẹ́.

Lójú tèmi, ibí yìí ni ẹjọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ èyíkéyìí ló máa dìde láti bi ilé ẹjọ́ pé: ẹ ní 1,200, 132 lẹ rí, ibo ni àwọn yòókù wà? Ẹni tó ń kánjú máa ní ẹ̀rí Erdemović ti tó. Ruez kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú ọlọ́pàá, òkú tí a gbé kúrò níbi tó wà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kejì, ẹ̀ṣẹ̀ kejì sì ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, ọkọ̀ tirẹ̀, epo tirẹ̀ àti àwọn tó ṣe é. Ẹni tó jí òkú gbé kò lè gbé e láìfi ipasẹ̀ sílẹ̀.

Ojú ọ̀run ni ipasẹ̀ àkọ́kọ́ ti wá. Ọkọ̀ òfuurufú amí Amẹ́ríkà ti ń ya àwòrán agbègbè náà ní gbogbo àsìkò yìí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1995 ni Madeleine Albright, aṣojú Amẹ́ríkà nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò, ti kọ́kọ́ fi díẹ̀ nínú wọn hàn. Nínú àwòrán ọjọ́ 17, oṣù Keje, ọ̀pọ̀ òkú nà sílẹ̀ ní pápá Branjevo, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́lẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nínú èyí tí wọ́n yà ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹsàn-án, ilẹ̀ kan náà ti tún ṣí sílẹ̀. Kò jìnnà sí ọjọ́ wọ̀nyí ni ilẹ̀ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn láàárín òkè, ní àwọn ibi tí ẹnì kankan kò gbé mọ́: lẹ́bàá ọ̀nà Čančari, ní Hodžići, ní Liplje, ní Zeleni Jadar. Ojú ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wú kì í dà bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọ̀ koríko tó hù lórí rẹ̀ sì yàtọ̀.

Bí a ṣe dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1998 nìyẹn, tí Richard Wright, ọ̀jọ̀gbọ́n awalẹ̀pìtàn láti Australia, àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi ń wú àwọn kòtò kejì wọ̀nyí, ìyẹn ibi tí wọ́n tún kó òkú lọ sin sí, lábẹ́ ààbò ọmọ ogun. Iṣẹ́ náà kò yá. Àwọn tó mọ àdó abẹ́lẹ̀ ní láti kọ́kọ́ yẹ ibẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọwọ́ àti irin kékeré ya ara ẹnì kan kúrò lára ẹlòmíràn, nítorí bí katakata ti dà wọ́n sílẹ̀ ni wọ́n ṣe wà, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn, iyẹ̀pẹ̀ ibi tí wọ́n ti kó wọn wá sì tẹ̀ lé wọn. Iyẹ̀pẹ̀ àjèjì yìí ni ẹ̀rí. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ yẹ erùpẹ̀ àti lẹ́búlẹ́bú òdòdó tó wà nínú rẹ̀ wò, wọ́n sì fi wé ti kòtò àkọ́kọ́. Àwọn tó mọ ìbọn fi ìkarahun ọta wé ìkarahun. Àwọn mìíràn fi ọ̀já aṣọ wé ọ̀já aṣọ. Díẹ̀díẹ̀, ìgbéyàwó kòtò àti kòtò hàn: àwọn òkú Orahovac wà ní ọ̀nà Hodžići, ti ìsédò Petkovci wà ní Liplje, ti Branjevo wà ní kòtò kejìlá lójú ọ̀nà Čančari.

Àfọ́kù ìgò sì wà nínú kòtò kẹta lójú ọ̀nà Čančari. Ìgò àti bébà àmì náà tọ́ka sí Kozluk, àríwá Zvornik, níbi tí ilé iṣẹ́ kan wà tó ń rọ omi sínú ìgò, tó sì máa ń da àfọ́kù ìgò rẹ̀ sí etí odò Drina. Ní ọdún 1999, wọ́n walẹ̀ ní etí odò náà. Ó kéré tán, òkú 340 ṣì wà níbẹ̀ lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀ tí kò jinlẹ̀, lórí àfọ́kù ìgò aláwọ̀ ewé kan náà. Bí wọ́n ṣe dùbúlẹ̀ fi hàn pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti yìnbọn pa wọ́n. Nǹkan bí 500 ènìyàn ni ilé ẹjọ́ gbà lẹ́yìn náà pé wọ́n pa sí Kozluk. Àwọn tó gbẹ́ kòtò náà lóru kò ráyè láti ṣa ìgò kúrò lára òkú. Ohun tí eyín katakata bù ló dà sínú ọkọ̀, ohun tó dà sínú ọkọ̀ náà ló dà sí Čančari.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ṣì kù, nítorí pé ẹni tó mọ ibi tí wọ́n pa ènìyàn sí láìmọ ìgbà kò lè sọ ẹni tó wà nídìí àṣẹ lọ́jọ́ náà. Aago ọwọ́ ló dáhùn èyí. Àwọn kan nínú àwọn tó kú wọ aago Seiko irú èyí tí ìrìn apá máa ń fún ní agbára, tó sì ń fi ọjọ́ hàn. Bí apá bá ti dákẹ́, aago náà á ṣì rìn fún nǹkan bíi wákàtí 36 sí 48, kó tó dúró. Nígbà tí wọ́n nu ẹrẹ̀ kúrò lójú àwọn aago wọ̀nyí, ọjọ́ tí wọ́n dúró lé lórí bá àárín oṣù Keje ọdún 1995 mu. Mo ti ka ọ̀pọ̀ nǹkan nípa Srebrenica, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tó wọ̀ mí lára tó aago tó ń rìn lọ́wọ́ òkú fún ọjọ́ méjì lábẹ́ ilẹ̀.

Láti inú ilẹ̀, ìwádìí náà bọ́ sínú ìwé. Ní oṣù Kẹta ọdún 1998, àwọn olùwádìí wọ olú ilé iṣẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Zvornik àti ti Bratunac pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti yẹ ibẹ̀ wò. Wọ́n kó ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ àti ìwé ìrìn àwọn ọkọ̀. Nínú ìwé ìrìn ọkọ̀, àwọn ẹ̀rọ tó ń gbẹ́lẹ̀ wà ní Orahovac, ní Petkovci, ní Branjevo, ní àwọn ọjọ́ tí àwọn tó yè bọ́ sọ gan-an. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ fún ti Branjevo ni pé wọ́n lọ gbẹ́ kòtò ogun. Ìwé àṣẹ kan láti oṣù Kẹsàn-án fi hàn pé wọ́n yọ̀ǹda tọ́ọ̀nù 5 epo dísẹ́ẹ̀lì fún ẹgbẹ́ Zvornik, ní àsìkò tí wọ́n ń kó òkú láti kòtò àkọ́kọ́ lọ sí kòtò kejì. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí, nítorí pé ọmọ ogun gbọ́dọ̀ ṣírò epo. Ìtẹ́tísí rédíò tí ọmọ ogun Bosnia ti ṣe nígbà ogun kún un: nínú ọ̀rọ̀ tó wáyé ní ọjọ́ 15, oṣù Keje, Ljubiša Beara, ọ̀gá ààbò nínú ọmọ ogun Mladić, ń bẹ Ọ̀gágun Radislav Krstić, tí òun náà wà lábẹ́ Mladić, pé kó fún òun ní èèyàn, nítorí pé ẹrù 3,500 ṣì kù nílẹ̀ láti pín. Ènìyàn ni wọ́n ń pè ní ẹrù.

Krstić bọ́ sọ́wọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1998. Ní oṣù Kẹta ọdún 2000, nígbà tí ẹjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Ruez dúró níwájú àwọn adájọ́ pẹ̀lú máàpù àti àwòrán, ó sì mú wọn rìn láti Potočari lọ sí Kravica, láti Kravica lọ sí Orahovac, Petkovci, Kozluk, Branjevo àti Pilica, ibì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Àwọn olùwádìí ti ka aṣọ ìdijú 448 láti ibi mẹ́wàá, àti okùn ìdè ọwọ́ 423 láti ibi 13. Àwíjàre pé ojú ogun ni wọ́n kú sí kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró mọ́. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ, ọdún 2001, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ìpẹ̀yàrun, ó sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 46. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ ọ́ di 35 ní ọdún 2004, ó ní ó ran ìpẹ̀yàrun lọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n kò yí i padà pé ìpẹ̀yàrun ni ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìjẹ́wọ́ tó fìdí kòtò kejì múlẹ̀ látẹnu àwọn ọ̀gá ológun wá lẹ́yìn náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2003, Momir Nikolić ti ẹgbẹ́ Bratunac àti Dragan Obrenović ti ẹgbẹ́ Zvornik gbà pé àwọn jẹ̀bi, wọ́n sì sọ bí wọ́n ṣe ṣètò kíkó òkú náà. Beara àti Vujadin Popović, ọ̀gá ààbò mìíràn nínú ọmọ ogun náà, gba ẹ̀wọ̀n gbére ní ọdún 2010. Mladić bọ́ mọ́ ilé ẹjọ́ lọ́wọ́ fún nǹkan bí ọdún 16 kí wọ́n tó mú un ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011. Ọdún 2021 ni ẹ̀wọ̀n gbére tirẹ̀ tó di àṣẹ ìkẹyìn. Ìdádúró yìí kì í ṣe ẹ̀bi ọlọ́pàá, nítorí pé ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Àwọn ìjọba tó ní agbára láti mú un ni kò tètè ní ìfẹ́ sí i, n kò sì rò pé ó yẹ kí a sọ ọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́.

Bí ìdájọ́ ti rí nìyẹn. Ti àwọn ìyá, ìyàwó àti ọmọbìnrin tó ń dúró yàtọ̀, nítorí pé katakata tó gbé ìgò Kozluk fún àwọn adájọ́ ló tún fọ́ ọmọ wọn sí wẹ́wẹ́. Lára ẹnì kan náà, wọ́n lè rí apá ní kòtò àkọ́kọ́, kí wọ́n rí itan ní òmíràn tó jìnnà ní ọ̀pọ̀ kìlómítà, láàárín egungun àwọn mìíràn. Àjọ àgbáyé tó ń wá àwọn tó sọnù, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1996, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2001 sí í gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn mọ̀lẹ́bí, wọ́n ń fi DNA inú rẹ̀ wé ti eegun, wọ́n sì ti dá àwọn tó sún mọ́ 7,000 mọ̀ báyìí. Nígbà tí wọ́n bá pe ìyá kan pé a ti rí ọmọ rẹ̀, wọ́n ní láti sọ fún un pẹ̀lú ohun tí a rí àti ohun tí a kò tíì rí, òun ni yóò sì pinnu bóyá kí wọ́n sin díẹ̀ tó wà nílẹ̀ tàbí kí òun dúró de ìyókù.

Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdọọdún, wọ́n máa ń sin àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá mọ̀ ní Potočari, ní ìtẹ́ òkú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sin ènìyàn sí ní ọdún 2003, ní òdì kejì ọ̀nà sí ibi tí àwọn ọmọ ogun Nẹ́dálándì pàgọ́ sí nígbà náà. Àwọn sàréè kan ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú òkúta orúkọ wọn fún ọdún púpọ̀ tí wọ́n tún ní láti ṣí, nítorí pé eegun mìíràn jáde láti inú kòtò mìíràn, DNA sì sọ ẹni tó ni ín. Wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti wà nílẹ̀, wọ́n á gbàdúrà lé e lórí, wọ́n á sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó padà.